Tí wọ́n bá fi ìwé ṣe fíìmù, ṣé dandan ni kí wọ́n tẹ̀ lé e bó ṣe wà?

ỌmọÌwé
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lẹ́nu, mo sì fẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ilé-iṣẹ́ fíìmù kan bá ra ẹ̀tọ́ ìwé, tó kọ orúkọ ìwé náà gàdàgbà sára ìwé ìpolówó, tó fi orúkọ òǹkọ̀wé sísàlẹ̀ rẹ̀, orúkọ yẹn ló fi pe àwa tí a ti ka ìwé náà wá. Èwo wá ni pé ká dé ibẹ̀ ká bá ìtàn mìíràn? Wọ́n á yọ ẹ̀dá ìtàn kan, wọ́n á pa méjì pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n á jí ẹni tó kú nínú ìwé dìde, ìparí á sì di ìgbéyàwó torí pé òǹwòran ò fẹ́ ẹkún. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tó bá ní ìtàn tirẹ̀, kó kọ ọ́, kó sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. Ẹni tó bá gba ti ẹlòmíì, kó sọ ohun tó bá níbẹ̀. Àbí mo ti le jù?

Òǹwòran
O le jù. Èmi kì í ka ìwé wọn ṣáájú, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi máa ń balẹ̀ 😂

Agéfíìmù
@ỌmọÌwé, fíìmù gígé ni iṣẹ́ mi, torí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Ojú-ìwé kan nínú ìwé eré, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àti ìṣe inú fíìmù sí, máa ń tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n òun la fi ń díwọ̀n. Fíìmù wákàtí méjì jẹ́ nǹkan bí ojú-ìwé 120, èyí tí ààyè funfun sì pọ̀ nínú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ wá gbé aròsọ olójú-ìwé 400 tó kún bámúbámú sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó tó kan ọ̀rọ̀ pé ta ló jẹ́ olóòótọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà ti wà níta.

Ẹnì kan gbìyànjú àtikó gbogbo rẹ̀ wọlé. Erich von Stroheim mú McTeague, ìwé tí Frank Norris tẹ̀ jáde lọ́dún 1899, ó fi ṣe fíìmù tó pè ní Greed. Ohun tó kọ́kọ́ gbé kalẹ̀ tó nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ. Ilé-iṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gé e títí ó fi ku wákàtí méjì àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe jáde ní 1924. Àwọn ìyókù ṣègbé. Títí dòní, ẹni tó ń wá wọn kò rí wọn.

ỌmọÌwé
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n gígé kọ́ ló ń bí mi nínú, yíyí ni. Tẹ́ ẹ bá fo orí mẹ́ta nítorí àkókò, màá kùn díẹ̀, màá sì gbà. Ṣé àìsí àkókò ló tún ní kí ẹ sọ ojo di akọni?

Alátakò
Ọ̀rọ̀ àkókò yẹn gan-an, mi ò gbà á. The Hobbit, ìwé ọmọdé kan ṣoṣo láti 1937, kò nípọn. Fíìmù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe, 2012, 2013, 2014. Ààyè wà láti kó gbogbo ìwé náà wọlé láì fi ohunkóhun sílẹ̀. Kí ni wọ́n fi ààyè yẹn ṣe? Wọ́n dá obìnrin ajagun kan tó ń jẹ́ Tauriel sílẹ̀, ẹni tí kò sí nínú ìwé rárá, wọ́n tún wá ìfẹ́ fún un. Ẹ má fi aago ṣe àwáwí, ọ̀gá Agéfíìmù. Bí aago bá kéré ẹ ó yọ, bó bá pọ̀ ẹ ó fi kún un.

Agéfíìmù
Ọ̀rọ̀ ẹ dùn mí torí pé òótọ́ ni 😅 Ṣùgbọ́n fífi kún un náà, kò sí bí a ṣe lè sá fún un pátápátá. Ìwé lè sọ pé “ó wọlé, ó jókòó.” Kámẹ́rà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn wo? Àga wo? Kí ló wọ̀? Ṣé ó ń yára ni àbí ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀? Gbogbo ìyẹn, ẹnì kan ló máa pinnu rẹ̀, ìwé ò sì ràn án lọ́wọ́.

AláṣọEré
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i níbí, torí èmi ni “ẹnì kan” yẹn. Aṣọ òṣèré ni mò ń bójú tó. Ẹ wo Ó Le Kú: Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ọ́ ní 1974, Túndé Kèlání ṣe fíìmù rẹ̀ ní 1997. Ìró àti bùbá kúkúrú táwọn obìnrin wọ̀ nínú fíìmù yẹn gba ìlú kan débi pé oleku ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò ka ojú-ìwé kan rí nínú aròsọ náà rán an. Ohun tí ojú bá rí lágbára ju ohun tá a kà lọ, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nínú iṣẹ́ mi nìyẹn: tí mo bá ṣe é tán, bí èmi ṣe rí ẹ̀dá ìtàn náà ni gbogbo èèyàn á máa rí i.

Òǹwòran
Èyí jẹ́ òótọ́ o. Bí mo bá ka ìwé lẹ́yìn fíìmù, ojú òṣèré ló máa ń wà níwájú mi ṣáá.

TíṣàÀgbà
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Lítíréṣọ̀ ni mo fi ayé mi kọ́ àwọn èèyàn, ẹ jẹ́ kí n gbé ìbéèrè kan ka iwájú ỌmọÌwé: èwo gan-an ni “bó ṣe wà”?

Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1940, ọ̀ràn kan ṣẹlẹ̀ nílùú Ọ̀yọ́. Ẹlẹ́ṣin Ọba yẹ kó kú tẹ̀ lé ọba tó wàjà, àwọn aláṣẹ òyìnbó sì dá a dúró. Dúró Ládípọ̀ fi ṣe eré, Ọba Wàjà, ní nǹkan bí 1964. Wọlé Ṣóyínká tún gbà á, ó kọ Death and the King's Horseman ní 1975, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ó jẹ́wọ́ gbangba pé òun yí àwọn nǹkan padà, pé òun fà á sẹ́yìn ní ọdún méjì sí mẹ́ta kí ó lè bọ́ sí àsìkò tí ogun àgbáyé ṣì ń lọ. Ní 2022, Biyi Bandele sọ ọ́ di fíìmù, Elesin Oba, Yorùbá ni àwọn ẹ̀dá ìtàn sì ń sọ láàárín ara wọn. Wọ́n gbé fíìmù náà jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá wo ọ̀rọ̀ ẹnu, ìwé ló wà lédè Gẹ̀ẹ́sì, fíìmù tó sọ Yorùbá ló sì sún mọ́ bí àwọn ará Ọ̀yọ́ ì bá ti sọ ọ́. Èwo ló jẹ́ olóòótọ́, sí kí sì ni?

Alátakò
Bàbá, ẹ má bínú, ẹ fẹ́ fi ọgbọ́n àgbà yí wa ní agbada ni 😄 Ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé kì í ṣe ìwé. Kò ní òǹkọ̀wé. Kò sẹ́ni tó jókòó yan ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó yí ìtàn ìlú padà ń lo ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa. Ẹni tó yí aròsọ padà ń fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnì kan pàtó.

TíṣàÀgbà
O wí ire. Ṣùgbọ́n tún lọ ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó yí ọdún padà láì wojú ẹnikẹ́ni ni ó tún bá àwọn tó máa gbé eré náà sórí ìtàgé wí: ó ní kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ di ìtàn pé àṣà méjì kọlu ara wọn, torí pé òyìnbó inú rẹ̀ kàn jẹ́ ohun tó yára mú ọ̀rọ̀ wá sójú iná ni, ìjà gidi wà nínú Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀. Ẹ rí i? Ọdún, ó fi sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀ léra, ó fi sílẹ̀. Ìdí tí Ẹlẹ́ṣin fi kùnà nìkan ló ṣọgbà yí ká. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn fíìmù nìyẹn. Ohun tó bá wu olùdarí ni kó gé, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ìdí kan náà ni yóò mú ẹ̀dá ìtàn ṣe ohun tó ṣe, kó sì ná an ní ohun tó ná an nínú ìwé.

Àbíkẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ Bàbá. Mo ní ìbéèrè lórí ohun tí Bàbá sọ. Stephen King, ẹni tó kọ ìwé The Shining, kò fẹ́ràn fíìmù rẹ̀ tí Stanley Kubrick ṣe ní 1980, gbogbo ayé ló mọ̀. Ó ní bàbá inú ìwé òun jẹ́ ẹni rere tó ń ya wèrè díẹ̀díẹ̀, pé ti inú fíìmù ti ń ṣe bákan látìgbà tó ti fojú hàn. Ní 1997 King fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé eré tuntun fún tẹlifíṣọ̀n, ó sì tẹ̀ lé ìwé. Mo wo méjèèjì. Ti Kubrick ni ò jẹ́ kí n sùn. Ìdí tí bàbá yẹn fi ya wèrè yí padà, síbẹ̀ fíìmù náà dára. Báwo ni ìwọ̀n Bàbá ṣe máa wọn ìyẹn?

ỌmọÌwé
Àbúrò, fíìmù tó dára ni, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó sọnù. Ní ìparí ìwé, bàbá náà padà sí ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ sá lọ. Ìṣẹ́jú yẹn ló sọ gbogbo ìwé náà di ìtàn ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ tí ọtí àti ilé ìtura burúkú tí wọ́n ń gbé sì borí rẹ̀. Ẹ̀rọ agbómigbóná sì wá bú gbàù, ilé náà jóná. Nínú fíìmù, ó ń fi àáké lé ọmọ kiri títí òtútù fi gan án pa. Ẹ̀rù bà ọ́, ó dáa. Ṣé o sunkún fún un?

Àbíkẹ́yìn
Rárá o.

ỌmọÌwé
Ẹkún yẹn ni King kọ.

Agéfíìmù
Ó dùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé ti 1997 tó ní ẹkún nínú, ẹni tó ń rántí rẹ̀ kò pọ̀. Ìdí kan wà fún un. Nínú ìwé, inú orí bàbá yẹn la wà. A ń gbọ́ bó ṣe ń bá ara rẹ̀ jà. Kámẹ́rà kì í wọ inú orí. Ojú ló ń rí. Ẹ lè fi ohùn sí i lábẹ́, kí ẹ̀dá ìtàn máa ka èrò ọkàn rẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí à ń wò náà ni ohùn yẹn máa ń tún sọ. Bí mo bá ń gé irú rẹ̀, mo máa kọ́kọ́ pa ohùn náà kí n wò ó bóyá ìran náà ṣì dúró. Bó bá dúró, mi ò dá a padà mọ́.

Bí ẹ bá ń wá yíyọ tó gba fíìmù là, ẹ wo Jaws, ìtàn ẹja ńlá kan tó ń pa èèyàn. Nínú ìwé Peter Benchley (1974), ìyàwó ọ̀gá ọlọ́pàá bá ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ nípa ẹja sùn, ọwọ́ àwọn ọ̀daràn sì wà lọ́rùn olórí ìlú. Nínú fíìmù (1975), méjèèjì ti lọ. Ọkùnrin mẹ́ta, ọkọ̀ ojú omi kan, ẹja kan. Benchley fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ ìwé eré náà. Ìparí ni kò fẹ́: ẹja inú ìwé rẹ̀ kú ikú ọgbẹ́, èyí tí Steven Spielberg ṣe sì bú gbàù bí àdó olóró.

Alátakò
Ó ga o, ẹni tó kọ ọ́ náà tún ṣe é tán ó ń jà.

Agbẹjọ́rò
Ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ òfin díẹ̀ sí i, torí ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àdéhùn wà láàárín ilé-iṣẹ́ fíìmù àti òǹkàwé. Kò sí. Àdéhùn wà láàárín wọn àti òǹkọ̀wé, nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù sì rèé, gbólóhùn kan máa ń wà níbẹ̀ tó fún wọn láyè láti yọ, láti fi kún, láti yí padà. Òǹkọ̀wé tó lókìkí gan-an nìkan ló máa ń rí i yí. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ní ẹ̀tọ́ kan wà tí òǹkọ̀wé kò lè tà kódà tó bá fẹ́ tà á, pé kí wọ́n má ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ohun tó wà nínú ìwé tó o bọwọ́ lù lo máa gbé lọ sílé.

P. L. Travers jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún kó tó gbà kí Disney fi Mary Poppins ṣe fíìmù. Ó gbà tán, wọ́n fi àwọn àwòrán tó ń rìn sí i, ó ní òun kò fẹ́, wọ́n fi síbẹ̀. 1964 ni.

ỌmọÌwé
Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n mú èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ aago nínú, tí kò ní ọ̀rọ̀ kámẹ́rà nínú. Ursula K. Le Guin kọ àwọn ìwé Earthsea láti 1968. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú ni Ged, akọni rẹ̀; èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn ayé yẹn jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí àwọn ìtàn irú rẹ̀ nígbà yẹn, òyìnbó ló kún inú wọn. Ní 2004 wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, òyìnbó ni wọ́n fi ṣe Ged. Obìnrin náà kọ̀wé síta, ó ní wọ́n ti fọ ayé òun funfun. Ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi èyí pa mọ́, ọ̀gá Agéfíìmù?

Agéfíìmù
Òdo.

Alátakò
Nígbà náà, kí ẹnikẹ́ni má yí àwọ̀ ẹ̀dá ìtàn padà láé, ṣé? Torí The Shawshank Redemption wà níbẹ̀ tó ń wò wá. Nínú ìtàn King tó jáde ní 1982, Red jẹ́ ọmọ Ireland onírun pupa. Morgan Freeman ló ṣe é ní 1994. Wọ́n tiẹ̀ fi àwàdà rẹ̀ sílẹ̀: wọ́n bi í pé kí ló dé tí wọ́n ń pè é ní Red, ó ní bóyá torí pé ọmọ Ireland lòun. Ta ló bínú?

TíṣàÀgbà
Kò sẹ́ni tó bínú, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n. Irun pupa Red kò gbé nǹkan kan lérí ju orúkọ ìnagijẹ lọ. Bí ẹ bá yọ ọ́, ìtàn náà kò mì. Ohun tó sọ Red di Red ni pé ó ti pẹ́ lẹ́wọ̀n débi tó ń bẹ̀rù ìrètí, ìyẹn sì wà níbẹ̀ digbí lójú Freeman. Àwọ̀ Ged, ní tirẹ̀, òpó ilé ni. Àyípadà kan náà ni méjèèjì tẹ́ ẹ bá fi ojú lásán wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó ka ìwé méjèèjì dáadáa kò ní pè wọ́n ní ìkan náà. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ olùdarí nìyẹn, kó mọ ìwé kà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n kà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Òǹwòran
Bàbá ti bú wọn 😂😂

Àbíkẹ́yìn
Tí ìwé náà ò bá tíì parí ńkọ́? Game of Thrones bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2011, ọdún yẹn náà ni ìwé karùn-ún jáde. Eré parí ní 2019, ìwé kẹfà kò tíì dé.

Alátakò
Ìyẹn, kí wọ́n lọ máa rojọ́ fún òǹkọ̀wé.

ỌmọÌwé
@TíṣàÀgbà, mo gba ìwọ̀n yín ju bí mo ṣe rò lọ, Bàbá. Ibi tí mi ò tíì gbà ni ìparí. Ìwé A Clockwork Orange ti Anthony Burgess ní orí 21. Ní orí tó kẹ́yìn, Alex dàgbà, ìwà ipá sú u fúnra rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà yọ orí yẹn, èyí tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ náà ni Kubrick tẹ̀ lé ní 1971. Ẹ gbọ́, orí kan péré nínú 21! Kí èèyàn lè yí padà àbí kó má lè yí padà, ibẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìparí, kò sí ohun tó kù tí kò fọwọ́ kàn.

Agéfíìmù
Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Frank Darabont, ẹni tó ṣe Shawshank yẹn náà, ṣe The Mist ní 2007. Ìtàn King mìíràn ni. King fi ìparí rẹ̀ sílẹ̀ láìdè: wọ́n wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń lọ nínú ìkùukùu, ìrètí díẹ̀ wà. Darabont dì í. Mi ò ní sọ bó ṣe dì í torí ẹni tí kò tíì wò ó, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìparí tí mo ti wò, díẹ̀ ló burú lọ́kàn tó o. King ní òun fẹ́ràn rẹ̀. Ọkùnrin kan náà tó ń bá Kubrick jà.

ỌmọÌwé
King gbà, ó dáa fún King. Èmi ò gbà. Ìrètí díẹ̀ yẹn ni mo bá kúrò nínú ìwé.

Alátakò
Nígbà náà kí lo máa sọ nípa Akira Kurosawa? Ó mú King Lear, ó sọ àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta di ọmọkùnrin mẹ́ta, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Japan ayé ogun, kò sí gbólóhùn Shakespeare kan níbẹ̀. Ran, 1985. Ó yí ohun gbogbo tó ṣeé yí.

ỌmọÌwé
Ó sì pè é ní Ran. Kò pè é ní King Lear. Mo ti ń wí i láti ẹ̀ẹ̀kan.

Agéfíìmù
Tó bá pè é ní King Lear, ṣé ìran kan á burú sí i nínú rẹ̀?

ỌmọÌwé
Kò ní burú sí i. Ṣùgbọ́n tí mo bá san owó nítorí King Lear, ó yẹ kí n bá a níbẹ̀.

Agbẹjọ́rò
Kò sí ilé-ẹjọ́ tó máa gbọ́ ẹjọ́ yẹn o 😄 Shakespeare ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá wù ú lè lo orúkọ náà. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹ̀tọ́ ìwé máa ń tán ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé.

Òǹwòran
Ẹ ti wá jẹ́ kó wù mí. Ẹ sọ èyí tó kúrú jù nínú àwọn ìwé tẹ́ ẹ dárúkọ yìí fún mi, èyí tí fíìmù rẹ̀ náà wà, kí n kà á kí n tó wò ó lẹ́ẹ̀kan báyìí.

TíṣàÀgbà
Mú Death and the King's Horseman. Eré orí ìtàgé ni, o lè kà á tán ní ìjókòó kan. Má fo ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Lẹ́yìn náà kó o wo ti Bandele, kó o wá sọ fún wa ibi tí o rò pé ó ti fo ọgbà.